Àjà pálọ̀ sán láti ẹ̀gbẹ́ fáànù dé ògiri: ṣé ká tún un ṣe fúnra wa, àbí ká pe oníṣẹ́?

ÌyáÌbejì_Katy
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ilé wa wà ní Katy, lẹ́bàá Houston, ọdún 2004 ni wọ́n kọ́ ọ. Drywall (bọ́ọ̀dù gypsum tí ìwé bò) ni àjà pálọ̀, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9, irú ojú tí wọ́n ń pè ní orange peel ló sì ní, ó rí bí èèpo ọsàn, kò dán. Ó ti sán báyìí. Ìlà kan ṣoṣo ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7, ó tọ́ gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ fáànù dé ògiri ojú fèrèsé. Kò sí àbàwọ́n omi kankan. Káàdì ATM kò lè wọ inú rẹ̀. Oníṣẹ́ tó wá wò ó ní gbogbo àjà lòun máa yọ. Bàbá àwọn ọmọ ní tiwọn ní ká ra caulk, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún sínú àlàfo, ká fi dí i, kó parí. Èwo nínú méjèèjì? Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣàlàyé fún wa.

Adé_Ògiri
Ẹ kú ilé, mà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ má sì tíì san owó fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó mú àjà sán ló ń sọ ẹni tó yẹ kó tún un ṣe, kì í ṣe gígùn ìlà náà. Èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 15 lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí èyí tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ sì jẹ́ ti ẹnjiníà.

Ẹ mú téèpù ìwọ̀n, kí ẹ wọn bí ìlà náà ṣe jìnnà tó sí ògiri tí wọ́n jọ lọ lọ́gbọọgba. Bọ́ọ̀dù drywall fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 8 tàbí 12. Bí ìwọ̀n yín bá bọ́ sí 4, 8 tàbí 12, ojú ìpàdé bọ́ọ̀dù méjì ló ṣí. Òun ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló rọrùn jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gun àkàbà, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti àjà sókè ní ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí apá kan bá ń lọ sókè tó ń bọ̀, skúrù tàbí ìṣó tó dè é mọ́ igi ti tú. Bí kò bá mì rárá, téèpù tí wọ́n fi bo ojú ìpàdé náà ló kàn já. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ìlà náà parí sí ní orí méjèèjì, kí ẹ kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tó bá kọjá àmì yẹn láàárín oṣù kan sí méjì, ilé náà ṣì ń rìn, ohunkóhun tí ẹ bá sì fi lé e máa sán padà.

Ní ti caulk, kì í ṣe fún àárín àjà. Kò ṣeé fi sánpépà họ, ojú rẹ̀ máa ń yàtọ̀ lẹ́yìn ọ̀dà, joint compound, ìyẹn ẹ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dí ojú ìpàdé drywall, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ẹni tó bá máa tún un ṣe lẹ́yìn yín ní láti kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ kúrò ná. Igun tí ògiri àti àjà ti pàdé ni àyè rẹ̀.

Ẹnjiníà_SugarLand
Adé ti sọ ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kún un, torí Katy ni ẹ wà. Amọ̀ tó ń wú tó sì ń sún kì ló pọ̀ nínú ilẹ̀ Houston àti àyíká rẹ̀. Lásìkò ọ̀dá, amọ̀ náà á gbẹ, á fà sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ slab tí ilé jókòó lé. Bí òjò bá dé, á tún wú, á gbé e sókè. Kì í sì í gbé gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmì rẹ̀ kì í mọ sórí àjà nìkan. Ẹ wo igun ilẹ̀kùn àti fèrèsé bóyá ògiri sán gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀kùn tó ti ń ha mọ́ férémù, ẹ wo bíríkì ìta bóyá ó sán ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn. Lórí àjà fúnra rẹ̀, ibi tó fẹ̀ ju 1/4 ínṣì lọ, tàbí tí etí kan ti sọ̀ ju èkejì, yẹ kó kọ yín lóminú. Bí ẹ bá rí méjì nínú ìwọ̀nyí pa pọ̀, ẹ fi àjà sílẹ̀ ná. Structural engineer, ìyẹn ẹnjiníà tó ń yẹ ìdúró ilé wò, tí kì í ta iṣẹ́ àtúnṣe ìpìlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹni tó ń ta òpó abẹ́ ilé, òpó náà ló máa ní ilé yín nílò.

Kódà bí ìpìlẹ̀ yín bá dára, ẹ tẹ́ hóòsì tó ń sun omi yí ilé ká, kó jìnnà sí slab tó ínṣì 12 sí 18, kí ẹ máa ṣí i nígbà ọ̀dá kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà yàtọ̀ ní ìhà kan sí èkejì.

ÌyáÌbejì_Katy
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹsẹ̀ bàtà 8 gééré ló fi jìnnà sí ògiri. Apá ọ̀tún ń mì nígbà tí a tì í, apá òsì kò mì. Gbogbo ilẹ̀kùn ń tì dáadáa, ògiri kò sán níbì kankan, bíríkì náà kò ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ojú ìpàdé bọ́ọ̀dù ni lóòótọ́, kí la máa rà, báwo la sì ṣe máa ṣe é?

ỌmọKápẹ́ńtà
Ojú ìpàdé ni, mà, ẹ lè ṣe é. Ìdí kankan kò sí tí ẹnikẹ́ni fi máa yọ gbogbo àjà nítorí èyí. Àjà tó ti wọ̀ sílẹ̀, tí omi ti bà jẹ́, tàbí tí ìṣó ti tú ní ibi púpọ̀ ni wọ́n ń yọ.

Ẹ ra skúrù drywall tó gùn ní 1 1/4 ínṣì, èyí tí eyín rẹ̀ jìnnà síra (coarse thread), páálí kékeré kan. (Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù 5/8 ínṣì ni, 1 5/8 ni kí ẹ rà.) Ẹ ra téèpù oníwèé ẹyọ kan, èyí tó kéré jù ní ẹsẹ̀ bàtà 75, ó ju ohun tí ẹ nílò lọ fíìfíì. Joint compound tí wọ́n ti pò sílẹ̀, gálọ́ọ̀nù kan. Joint compound oníyẹ̀fun tí wọ́n kọ 45 sí lára àpò rẹ̀, àpò kékeré. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ mẹ́ta: ínṣì 6, 10 àti 12, pẹ̀lú páànù tí ẹ máa bu mud sí (bẹ́ẹ̀ la ń pe joint compound). Sánpépà 150. Gọ́gùlù, ìbòmú N95, ọ̀rá tí ẹ máa tẹ́ sílẹ̀. Àkàbà méjì tí ẹ lè gbé pákó dábùú láàárín wọn á dín ìrora ọrùn kù ju kí ẹ máa ti àkàbà kan kiri.

Ẹ pa fáànù, kí ẹ sì pa á láti ibi breaker, torí iṣẹ́ yín máa súnmọ́ àpótí iná rẹ̀.

Ẹ wá àwọn igi tó gbé àjà dúró. Mágínẹ́ẹ̀tì tó lágbára ti tó: ẹ máa fà á lọ lórí àjà, yóò dì mọ́ orí skúrù àtijọ́, ibẹ̀ ni igi wà. Wọ́n sábà ń jìnnà síra ní ínṣì 16 tàbí 24. Níbi tí ìlà náà bá ti gba abẹ́ igi kọjá, ẹ fi skúrù méjì sí ọ̀tún, méjì sí òsì, kí èyí tó súnmọ́ etí jìnnà sí i tó ínṣì kan. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì fi ọwọ́ ti bọ́ọ̀dù sókè nígbà tí ẹ ń dè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ skúrù á wọlé tán, àlàfo á ṣì wà láàárín bọ́ọ̀dù àti igi. Orí skúrù gbọ́dọ̀ wọ̀ díẹ̀ ju ojú bọ́ọ̀dù lọ láìya ìwé ara rẹ̀. Ìwé yẹn ló ń gbé bọ́ọ̀dù dúró. Bó bá ti ya, skúrù náà kò di nǹkan kan mú mọ́. Ẹ fi òmíràn sí ìwọ̀n ínṣì 2 sí i.

Ẹ wá fi omi díẹ̀ rin orange peel náà, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha á kúrò tó ínṣì 8 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀dà orí rẹ̀ kò bá jẹ́ kí omi wọlé, sánpépà ni ẹ máa fi ṣe é. Téèpù àtijọ́ tó bá ti ṣí, ẹ gé e, kí ẹ fà á títí ẹ ó fi dé ibi tó ṣì lẹ̀ pinpin, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ fi abẹ fẹ ojú ìlà náà díẹ̀ kó lè gba mud, kí ẹ sì gbá eruku inú rẹ̀ kúrò.

Oníyẹ̀fun ni ẹ máa fi dí ihò náà. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí ẹ tó da yẹ̀fun lé e, díẹ̀díẹ̀. Ó ti ki tó nígbà tí ẹ bá dojú ọ̀bẹ kọlẹ̀ tí kò jábọ́. Ẹ má pò ju èyí tí ẹ lè lò ní ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó bá ti ń dì, omi tí ẹ bá tún bù sí i kò lè jí i, ṣe ló máa mú un rọ̀ títí láé. Ẹ fọ páànù mọ́ tónítóní kí ẹ tó pò òmíràn, torí ẹ̀ẹ́kù tó ti gan máa mú kí tuntun yára gan. Ẹ má dà á sí ojú sínkì o, ó ń dì nínú omi, á dí páìpù yín.

Nígbà tó bá le, ẹ lé téèpù. Mud tí wọ́n ti pò ni kí ẹ lò níbí, kí ẹ fi omi díẹ̀ dẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ 6 tẹ́ ẹ tó 1/8 ínṣì nípọn ní gbogbo gígùn rẹ̀, kí ibì kankan má ṣe gbẹ. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn láti àárín lọ sí orí méjèèjì, kí ẹ fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ kí mud sun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wíwú tí téèpù máa ń wú kì í kọjá ohun méjì: ibì kan tí kò ní mud lábẹ́, tàbí kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù débi pé gbogbo mud jáde tán. Bó bá wú, ẹ gé ibẹ̀ jáde kí ẹ tún un lẹ̀. Mud tí ẹ bá fi bò ó kò ní pa á mọ́.

Ọjọ́ kejì, ọ̀bẹ 10. Ọjọ́ kẹta, ọ̀bẹ 12, kí etí rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ìka yín kò mọ ibi tó parí sí. Mud tí kò tíì gbẹ máa ń dúdú ju èyí tó gbẹ lọ. Ẹ má lé òmíràn lórí rẹ̀ títí yóò fi funfun dọ́gba. Ní Houston, ẹ jẹ́ kí AC ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wákàtí 24 kò ní tó.

Ṣadé_Dallas
Ẹ kú làákàyè, bọ̀dá. Ṣé téèpù alásẹ́, èyí tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, kò rọrùn ju oníwèé lọ ni? Òun ni wọ́n pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù.

ỌmọKápẹ́ńtà
Ó rọrùn láti lẹ̀, Ṣadé, ṣùgbọ́n ó máa ń fà. Oníwèé kì í fà, ìdí nìyẹn tó fi dára jù fún ojú ìpàdé tó ti sán rí. Ẹni tó bá fẹ́ lo alásẹ́ dandan, oníyẹ̀fun ni kó fi ṣe ìpele àkọ́kọ́. Alásẹ́ pẹ̀lú mud tí wọ́n ti pò, ìyẹn ni mo máa ń rí lábẹ́ ọ̀pọ̀ àjà tí wọ́n ní ó sán padà.

Bàbá_Drywall
Àlàyé yìí pé, mo fara mọ́ ọn. Mo wà nínú iṣẹ́ náà, n kò sì ní purọ́ pé gbogbo ìlà tó sán ló yẹ kí wọ́n pè wá sí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó yẹ.

Bọ́ọ̀dù 1/2 ínṣì tó fẹ̀ ní 4, tó gùn ní 8, lè wúwo tó pọ́n-ún 50, ti 5/8 lè tó 70, gbígbẹ nìyẹn o. Àjà tó bá ti wọ̀ sílẹ̀ ní àárín, ẹ má dúró lábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fi skúrù fà á padà. Ó ti rọ, orí skúrù á yọ já inú rẹ̀. Àjà tó ga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń béèrè àkàbà ìlọ́po méjì, ẹ pe ènìyàn.

Àbàwọ́n aláwọ̀ búráùn lórí àjà, omi ni. Ní Texas, attic, ìyẹn àyè abẹ́ òrùlé lókè àjà, ni wọ́n sábà ń gbé ẹ̀rọ AC sí. Páìpù tó ń gbé omi AC jáde máa ń dí, omi á kún páànù abẹ́ rẹ̀, á sì kán sórí drywall. Ẹ tún orísun omi ṣe ná, kí bọ́ọ̀dù gbẹ pátápátá, kí ẹ fi práímà oní-shellac bo àbàwọ́n náà. Ọ̀dà lásán kò lè bò ó, á tún yọ jáde.

Bí ẹ bá máa pè wá, ẹ bi oníṣẹ́ léèrè: Ṣé wàá fi skúrù dè é kí o tó lé téèpù? Téèpù wo? Ìpele mélòó? Ta ló máa kun àjà? Ẹni tó ní òun máa kàn fi mud pa á lójú, kí ó máa lọ. Iṣẹ́ lè parí lọ́jọ́ kan tó bá jẹ́ oníyẹ̀fun ló lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti pò ló ní òun máa fi parí gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ní jẹ́ kó gbẹ. Ìpínlẹ̀ Texas kì í fún oníṣẹ́ drywall ní láísẹ́ńsì, nítorí náà ìwé ìbánigbófò (insurance) ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì san gbogbo owó tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ní iye kan tí a kì í gbà dín sí i torí ìlà kékeré, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la máa padà wá. Bí ẹ bá ní ohun kéékèèké mìíràn láti tún ṣe, ẹ kó wọn jọ.

Akin_Chicago
Ẹ kú ìjíròrò. Ilé ọdún 1962 ni tèmi, àjà rẹ̀ rí gbágungbàgun, popcorn ni wọ́n ń pè é. Ó ti sán ní ibi méjì. Ṣé mo lè ha á bí wọ́n ṣe wí yìí?

Bàbá_Drywall
Rárá o, Akin! Má fi nǹkan kan kàn án. Asbestos, fíbà tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, lè wà nínú popcorn yẹn, ó sì lè wà nínú joint compound ìgbà náà pẹ̀lú. Ọdún 1977 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de asbestos nínú ohun tí wọ́n fi ń dí ògiri, ọdún 1978 ni wọ́n fòfin de èyí tí wọ́n ń fọ́n sórí àjà fún ẹwà, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó ti ní ọjà nílẹ̀ lò ó tán. Kọ́kọ́ pe láàbù tó ń yẹ asbestos wò. Wọ́n á sọ bí wàá ṣe fi omi rin ín kí o tó bu díẹ̀ lára rẹ̀ fún wọn. Ọ̀dà ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978 lè ní òjé náà. Oníṣẹ́ tí o bá gbà láti ba ojú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ju square foot 6 lọ nínú yàrá kan gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí EPA, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká, lórí òjé. Béèrè fún un.

Ìyálóde_Minneapolis
Ẹ jọ̀wọ́, ti wa níbí yàtọ̀. Igun tí àjà ti pàdé ògiri àárín ilé ló máa ń ṣí lọ́dọọdún ní ìgbà òtútù, tó bá di ìgbà ooru á padà pa dé. A ti dí i títí, ó ti sú wa.

Ẹnjiníà_SugarLand
Igi òrùlé yín ló ń gbé àjà sókè, mà. Igi ìsàlẹ̀ truss, férémù igi tó gbé òrùlé dúró, wà lábẹ́ insulation tó ń dá òtútù dúró, ó gbóná, ó sì gbẹ. Àwọn igi òkè wà nínú òtútù, wọ́n ń fa ọ̀rinrin, wọ́n sì ń gùn sí i. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń fa àárín truss sókè, tí àjà fi ń kúrò lórí ògiri. Ilé kò ní wó o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n téèpù kankan kò lè dá a dúró.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí àjà lè tẹ̀ láìya. Wọ́n á yọ skúrù tó dè é mọ́ truss ní ìwọ̀n ínṣì 16 sí 18 sí ògiri àárín yẹn, wọ́n á fi irin kékeré mú etí bọ́ọ̀dù mọ́ igi orí ògiri, kí igun náà dúró kí ìyókù máa tẹ̀. Ti ilé tó ti parí, èyí tó rọrùn ni kí ẹ fi igi ẹ̀ṣọ́ yí igun náà ká, kí wọ́n kàn án mọ́ àjà nìkan, kó má kan ògiri. Bí àjà bá ń lọ sókè, igi náà á bá a lọ, ojú kò sì ní rí àlàfo.

POP_Bódìjà
Ẹ kú àárọ̀ láti Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń ka èyí nílé, kó má fi joint compound sórí àjà POP. Ẹ fi abẹ fẹ ojú ìlà náà, ẹ fi omi rin etí rẹ̀ kó má baà fa omi inú POP tuntun, kí ẹ fi POP tí ẹ ti ki fíbà mọ́ dí i. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó, kò ní pẹ́ tó fi gan. Tó bá sì jẹ́ ojú ìpàdé ṣíìtì ló ń sán léraléra, ẹ̀yìn rẹ̀ ni fíbà kò ti tó. Oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ gòkè lọ fi fíbà àti POP dè é láti ẹ̀yìn.

ÌyáÌbejì_Katy
Ọlọ́run á bù kún yín. A máa ṣe skúrù àti téèpù fúnra wa. Orange peel yẹn ló kù tó ń bà mí lẹ́rù. Ṣé a lè mú kó bá ti tẹ́lẹ̀ mu?

Adé_Ògiri
Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù, mà, òun ló ń tú àṣírí àtúnṣe. Agolo tí wọ́n ń fọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ibi tí ẹ lè yí kí ẹ̀kán rẹ̀ tóbi tàbí kó kéré. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún àjà, torí ti ògiri lè máa kán lé yín lójú. Kí ẹ tó fọ́n ọn, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ àjà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rá lórí rẹ̀. Gbogbo òkè àti kòtò tí ẹ kò rí lọ́sàn-án máa jáde. Ẹ fi sánpépà 150 tẹ́ ẹ, ẹ nu eruku, ẹ fi práímà drywall kùn ún kó gbẹ.

Ẹ kọ́kọ́ fọ́n agolo náà sára páálí, kí ẹ gbé páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà kí ẹ fi wé ara wọn. Ẹ yí i títí tí ẹ̀kán méjèèjì yóò fi jọra. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fọ́n ọn, kó wọ orí ti àtijọ́ tó ínṣì 3 sí 4. Bó bá pọ̀ jù, ẹ fi ọ̀bẹ ha á nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, gbogbo àjà pálọ̀ ni kí ẹ kùn láti ògiri dé ògiri, pẹ̀lú ọ̀dà àjà tí kì í dán àti róólà onírun 1/2 ínṣì. Bí ẹ bá kun ojú ibi tí ẹ tún ṣe nìkan, àwọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀ bó ti wù kí ọ̀dà náà jẹ́ ọ̀kan náà.

Bó bá ti dé orí agolo yìí tí ọkàn yín kò balẹ̀, ìpele yẹn nìkan lẹ lè gbé fún oníṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé skúrù, téèpù àti práímà ti parí, iye tó máa sọ yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́ yọ gbogbo àjà.